Ta Ni Yóò Mú Ajá?

Ọmọ Oǹdó ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Oǹdó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, mo mọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi fọ́tò ajá mi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ kíláàsì wa lórí WhatsApp, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìgbà wo lẹ máa sè é?" Ẹnì kejì ní kí n má gbàgbé ata. Ẹnì kẹta, tó ti di pásítọ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn kọ "404" síbẹ̀. Mi ò bínú. Ajá lẹran Ògún, ní ìlú tí wọ́n sì ti bí mi, ẹ ò lè ṣọdún Ògún láìsí ajá. Mo jẹ ẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mi ò ní torí pé mo ń gbé láàrin òyìnbó kí n wá máa purọ́.

Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi wọ̀nyí kò mọ̀ ni pé láti ọdún 2020, mi ò lè ka iye ajá tí mo ti fi ọkọ̀ gbé mọ́: lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Alicante ní Sípéènì, lọ sílé ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n tọ́. Èmi tí mo máa ń ju òkúta sí ajá tó bá tẹ̀ lé mi láti ọjà! Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúnkún ìyàwó mi ló lé wa kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì sin àwọn aláìsàn títí tí ẹsẹ̀ náà fi ní ó tó, òtútù ibẹ̀ sì máa ń wọ orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́. Ní 2015, mo pé ọgọ́ta ọdún, a ta fúláàtì wa, a ra ilé oníyàrá méjì nítòsí Guardamar, ní agbègbè Alicante, létí òkun Sípéènì. Torrevieja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí adágún oníyọ̀ kan wà tí omi rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi zobo tí wọ́n bu omi là jù. Ní àdúgbò wa, ará Ìlú Ọba tó ti fẹ̀yìn tì ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé.

Ohun kan pa mí lẹ́rìn-ín lọ́dún tí a débẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé Lọ́ńdọ̀nù, àtìpó ni mí, bí mo tilẹ̀ gba pásípọ́ọ̀tù wọn. Mo gbé pásípọ́ọ̀tù kan náà dé Sípéènì, mo bá di "expat", orúkọ tí òyìnbó fi ń pe ara wọn bí wọ́n bá ṣí lọ sílùú onílùú. Òkun ni mo sọdá o, mi ò pààrọ̀ awọ.

Ìgbé ayé ibẹ̀ ní àkókò tirẹ̀. Bó bá ti di agogo méjì ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù á tì, ó di márùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjà Torrevieja. Àwọn òyìnbó wa á kóra jọ sí ilé ọtí tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà inú agolo àti ẹyin díndín, wọ́n á máa ráhùn: páún ti já wálẹ̀ láti ìgbà ìbò 2016 tí Ìlú Ọba fi ní òun á kúrò nínú Yúróòpù, àwọn tó ti kúrò nílé ju ọdún 15 lọ, wọn ò jẹ́ kí wọ́n dìbò náà rárá, dókítà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ kò lè bi ẹlẹ́ja pé èló ni ẹja. Èmi tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ló kù tí èdè fẹ́ fi bà mí lẹ́rù? Inú ọjà ni mo ti kọ́ Spanish. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ná ọjà, ó ti gbọ́ ìdajì èdè.

Obìnrin kan wà tí mo ń pè ní Ìyá Ajá. Tíṣà ni nílùú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ọgbà ajá kan lẹ́yìn ìlú, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ, ìwé àti abọ́ àwọn tó ti kú tàbí tó ti padà sílé, owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ajá náà. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló fẹ́ kí n máa pè é. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ! Mo ń pè é ní Màmá. Ó kọ́kọ́ fajú ro, ó ní òun ò bí mi. Nígbà tó yá, ó ní ẹlòmíràn tó bá dán an wò láti pe òun bẹ́ẹ̀, òun á tú ajá sí i.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, Màmá wá bá mi pé ọgbà ti kún, kí n bá òun gba ajá kan sílé, ọ̀sẹ̀ méjì péré, obìnrin kan ní Kent, ní Ìlú Ọba, ló fẹ́ ẹ, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń dúró dè. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá fi "péré" sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Galgo ni ajá náà. Ajá ọdẹ ni wọ́n, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ikùn wọn wọnú bíi ti ẹni tó gba ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì tó tún gba ti Ràmàdáànì lé e. Ehoro ni àwọn ọdẹ ibẹ̀ fi ń lé nínú pápá. Bí àsìkò ọdẹ bá ti parí lópin oṣù kìíní, ìgbà náà ni ọgbà ajá máa ń kún: èyí tí kò yá lẹ́sẹ̀ mọ́, èyí tó ti dàgbà, èyí tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n rí tèmi lẹ́yìn ilé epo kan. Okùn ti jẹ ọrùn rẹ̀ títí awọ ibẹ̀ fi bó. Ó wọlé wa, ó kọjú sí ògiri, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ọmọ tí tíṣà fìyà jẹ. Kò dùbúlẹ̀, kò fẹnu kan omi. Wákàtí mẹ́rin!

Ìyàwó mi, ọmọ Iléṣà, ti sọ fún mi pé bí ajá bá gba iwájú wọlé, òun á gba ẹ̀yìn jáde. Ó jókòó sórí àga, ó ń wò ó. Nígbà tó ṣe, ó dìde pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó tẹ́ ìbora àtijọ́ kan sílẹ̀, ó ní, "Ìwọ, wá sùn jàre. Ta lo ṣẹ̀?" Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ajá náà yí ojú padà wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀ lórí aṣọ náà, ṣùgbọ́n ó dùbúlẹ̀. Ìyàwó mi wá kọjú sí mi: "Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ọdẹ ni àbúrò bàbá mi, ajá mẹ́ta ló ní, gbogbo wọn ló sì ń jẹ́ òwe, torí àwa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ohun tí èèyàn ò lè sọ lójú aládùúgbò, ajá ló fi ń sọ ọ́. Ọ̀kan ń jẹ́ Kòkànyín. Bó bá ti di òwúrọ̀ tí àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Kòkànyín! Kòkànyín!" lójúde, ìyá tó ń gbé òdìkejì á ti fèrèsé rẹ̀ gbà. Nítorí náà mo sọ tèmi ní Ẹ̀yìnlàárò. Àwọn òyìnbó ní kò ṣe é pè, wọ́n sọ ọ́ di Enny.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹta, ìjọba Sípéènì sé gbogbo ìlú mọ́lé nítorí Kòrónà. Ọkọ̀ òfuurufú Kent dúró. Òfin náà le: ọmọdé ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ìta, ó di ọjọ́ 26 oṣù kẹrin kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n mí sí atẹ́gùn, àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ rìn kiri láìnídìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ajá lè mú un jáde lọ tọ̀. Ẹ ò rí ayé! Àwọn tí kò jẹ́ kí ajá gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi: "Ṣé a lè bá ọ mú un jáde?" Ajá tí wọ́n jù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé epo di ìwé ìrìnnà.

Ọlọ́pàá dá mi dúró ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin oṣù kan. Ọkùnrin dúdú, ìbòmú lójú, ajá funfun tó rù hangogo lọ́wọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí n fi hàn pé èmi ni mo ni ajá náà. Mo tú okùn rẹ̀, mo rìn sẹ́yìn ẹsẹ̀ mẹ́wàá, mo pè é, "Ẹ̀yìnlàárò!" Ó sáré wá, ó fi orí sí àárín itan mi. Ọlọ́pàá náà gbìyànjú orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ahọ́n rẹ̀ kọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. (Ẹ má ṣe dán an wò o. Galgo tí wọ́n bá tú okùn rẹ̀ láìsí ọgbà lè rí ehoro, ó sì di gbére. Orí ló yọ mí lọ́jọ́ náà.)

Bí ìlú ṣe ṣí, obìnrin Kent ti gba ajá mìíràn. Ìyàwó mi ní àbùkù ńlá ni fún obìnrin náà. Inú rẹ̀ dùn dé eyín.

Mo wá di dírẹ́fà ọgbà. Nínú ọkọ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo kọ́ pé àánú kì í wo ajá sàn. Àìsàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní leishmania; kantíkantí kan tó máa ń jẹ ẹran lálẹ́, láti ìgbà tí ooru bá ti bẹ̀rẹ̀, ló ń gbé e kiri. Èékánná ajá á máa gùn, awọ etí ojú rẹ̀ á máa bó, á máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun, bí wọn ò bá sì tètè mọ̀, kíndìnrín rẹ̀ á bàjẹ́. Oògùn tí wọ́n ń fún un lójoojúmọ́ ni oògùn kan náà tí àwọn bàbá ibẹ̀ ń lò fún gọ́ọ̀tì. Mo ti rí ilé tí ọkọ àti ajá ti jọ ń lo ike oògùn kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé ajá mọ́ lónìí, kí àìsàn náà yọjú lẹ́yìn oṣù díẹ̀, torí ó máa ń fara pamọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó ajá lọ sí Ìlú Ọba, Màmá kì í fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Àwọn kan á gbọ́, wọ́n á sá. Ó ní kí wọ́n sá nísinsìnyí ju kí wọ́n sá lẹ́yìn náà.

Èyí tó là mí lójú jù wà nínú igbó páìnì Guardamar. Ẹnjinníà kan tó ń jẹ́ Francisco Mira ló darí gbígbin igbó náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, torí iyanrìn etíkun ń gbé ilé àwọn èèyàn mì. Igi náà dá iyanrìn dúró. Ó dára. Ṣùgbọ́n igi páìnì ní àlejò tirẹ̀: kòkòrò onírun kan tó máa ń hun ilé funfun bí òwú sí orí ẹ̀ka. Láti nǹkan bí oṣù kejì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà kan, bí ọmọ ilé ìwé tó ń lọ sí ìpàdé òwúrọ̀. Ìrísí wọn wù mí. Mo dúró ń wò wọ́n. Kí n tó mọ̀, Ẹ̀yìnlàárò ti fi ahọ́n kàn wọ́n.

Ẹ̀yin tí wèrèpè ti bà lára rí, ẹ fojú inú wo wèrèpè lórí ahọ́n. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ họ ojú, ahọ́n rẹ̀ wú títí kò fi lè pa ẹnu dé. Mo fa táwẹ́lì yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Dókítà ẹranko náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí. Wọn kì í nù ún! Bí èèyàn bá ti fọwọ́ ra á, irun kòkòrò náà á máa kán, oró rẹ̀ á máa wọlé sí i. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ṣàn án, kí wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà kíákíá. Títí dòní, orí ahọ́n rẹ̀ kò pé. Bó bá ń mu omi, ìdajì ń bọ́ sílẹ̀, ìyàwó mi á wo ilẹ̀ yẹn, á wo èmi náà, kò ní sọ nǹkan kan.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní Alicante, bánńgà ni kì í jẹ́ kó gbọ́ ọ. Lóṣù kẹfà, wọ́n máa ń dáná sun ère onígi ńláńlá ní òru San Juan, bánńgà á sì máa dún lọ́tùn-ún lósì fún ọjọ́ púpọ̀. Lọ́sẹ̀ náà, a kì í sùn, wíwá ajá la máa ń wá.

Ní ọjọ́ kan, a jókòó jẹun lẹ́yìn iṣẹ́, àwa mẹ́jọ, wọ́n ń bú àwọn ọdẹ Sípéènì: òǹrorò ni wọ́n, wọn ò láàánú. Mo ní kí wọ́n rọra. Ọdẹ kan wà ní abúlé ẹ̀yìn wa tí ajá rẹ̀ sanra ju tiwa lọ, ọdẹ náà fúnra rẹ̀ sì máa ń sùn tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bímọ. Obìnrin kan wá kọjú sí mi: "Ní Nàìjíríà ńkọ́? Kí ni àwọn ọdẹ yín ń fi ajá tó bá dàgbà ṣe?"

Mo lè purọ́. Mo rò ó. Mo wá sọ fún wọn pé àbúrò bàbá mi kò já ajá sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Bí ọdún Ògún bá dé, ajá tó ti dàgbà ń lọ bá Ògún, a sì ń jẹ nínú rẹ̀. Gbogbo tábìlì pa rọ́rọ́. Ẹnì kan gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń ge ẹran inú abọ́ rẹ̀ lọ, ó ní, "Ó kéré tán, ẹ mọ ibi tó lọ."

Mi ò tíì mọ èwo ló sàn nínú méjèèjì. Mo mọ̀ pé mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Obìnrin tó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀ yẹn kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì, títí ajá rẹ̀ fi sọnù lọ́sẹ̀ bánńgà tí mo sì bá a rí i.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Ìlú Ọba kúrò nínú Yúróòpù, àsìkò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyípadà náà parí ní òpin 2020. Àwa tí a ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùgbé Sípéènì ṣáájú ìgbà náà rí káàdì gbà. Àwọn tó ń wá lo ìgbà òtútù nìkan, 90 ọjọ́ nínú 180 ló kù fún wọn. Kàlẹ́ńdà ti di Bíbélì wọn. Ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ló mú èmi. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ tirẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ kí ọdún 2020 tó parí. Mo ní lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla. Láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 2022, láísẹ́ǹsì Ìlú Ọba lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé Sípéènì di bébà lásán, kò sì padà wúlò títí di ọjọ́ 16 oṣù kẹta 2023, nígbà tí àdéhùn ìjọba méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù mẹ́wàá àtààbọ̀! Ọdún mẹ́rìnlélógún lórí bọ́ọ̀sì alájà méjì, mo wá dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú ajá aláìsàn, dírẹ́fà wo Ẹ̀yìnlàárò, ó mi orí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Mi ò lè bá a jà. Bí mo ṣe máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ẹlòmíràn náà nìyẹn.

Gbogbo dírẹ́fà ọgbà tó jẹ́ ará Ìlú Ọba ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú àjàgà kan náà. Obìnrin ará Netherlands kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ajá, ọkọ̀ rẹ̀ sì kéré. Ìgbà náà ni mo rí i pé ajá mi ní ìwé jù mí lọ. Pásípọ́ọ̀tù Yúróòpù wà lọ́wọ́ rẹ̀, aláwọ̀ búlúù. Ṣíìpù ìdánimọ̀ wà lábẹ́ awọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ digbòlugi wà nínú ìwé. Bí a bá ń lọ sí Ìlú Ọba, oògùn aràn nìkan ló kù, tí dókítà gbọ́dọ̀ fún un láàrin wákàtí 24 sí 120 kí ó tó wọlé. Ajá tó ń gbé Ìlú Ọba tó bá ń bọ̀ sí Yúróòpù, ìwé ìlera tuntun ló máa gbà nígbàkúùgbà tó bá rìn. Ìyàwó mi ní kí n bi Ẹ̀yìnlàárò bóyá ó lè fi wá sínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹbí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2023, òfin tuntun lórí ẹranko bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Sípéènì: ajá ò gbọ́dọ̀ dá wà ju wákàtí 24 lọ, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òyìnbó fò sókè. Màmá ka ìwé náà parí, ó ní kí wọ́n jókòó: wọ́n yọ ajá ọdẹ kúrò nínú rẹ̀. Galgo tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò sí lábẹ́ òfin náà. Inú ọgbà kún ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e bó ṣe máa ń kún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdẹ nìkan ló ń kún ọgbà, èyí ló sì pẹ́ kí ojú mi tó là sí. Bàbá kan wà tí mo ń pè ní Bàbá Liverpool. Ìyàwó rẹ̀ kú ní 2018. Ó ní ajá kékeré kan tó ti darúgbó, tí wọ́n jọ máa ń jẹ búrẹ́dì kan náà láàárọ̀, ìdajì fún un, ìdajì fún ajá. Lóru ọjọ́ kan, ó ṣubú nílé ìwẹ̀, ó ṣẹ́ eegun ìbàdí. Ilé ìwòsàn gbà á. Àwọn ọmọ rẹ̀ fò wá, wọ́n ṣètò gbogbo nǹkan láàrin ọjọ́ mẹ́rin: wọ́n á gbé e padà, ilé ìtọ́jú arúgbó kan ti gbà á, ilé yóò wà fún títà. Wọ́n ṣe dáadáa. Mi ò bá wọn wí. Àfi pé nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà láti kí wọn pé ó dìgbà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fa okùn ajá lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Dad ní o fẹ́ràn ajá."

Ilé ìtọ́jú arúgbó náà kò gba ẹranko. Nínú ilé ìwòsàn, Bàbá Liverpool kò bi mí nípa ilé, kò bi mí nípa owó. Ó di ọwọ́ mi mú: "Ta ni yóò mú un?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ajá náà wà nínú ọgbà, nínú àhámọ́ kejìdínlógún, ó ń dúró sí ẹnu ìlẹ̀kùn láàárọ̀ ní agogo tí wọ́n máa ń jẹ búrẹ́dì. Ta ló fẹ́ gba ajá ọlọ́dún mẹ́tàlá? Ibẹ̀ ló kú sí. Mo sọ fún Bàbá Liverpool lórí fóònù pé ìdílé kan ní Murcia ti gbà á. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Mo padà lọ ka àhámọ́ tó wà nínú ọgbà. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ajá ibẹ̀ tó jẹ́ ajá àwọn tó kú, tàbí tó ṣàìsàn, tàbí tó padà sílé.

Lẹ́yìn náà ni Màmá ṣe fọ́ọ̀mù kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún tó fẹ́ gba ajá, kó kọ orúkọ ẹni tí yóò mú un bí kò bá sí mọ́, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí i. Wọ́n bínú! Ọkùnrin kan ní ṣé òun ti kú ni. Obìnrin kan da tíì rẹ̀ nù. Mo dúró ti Màmá, mo ní ó tọ̀nà, mo ṣàlàyé ìtumọ̀ orúkọ ajá mi fún wọn, mo sọ̀rọ̀ bí olóyè. Lẹ́yìn ìpàdé, Màmá fi fọ́ọ̀mù kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Àádọ́rin ọdún rẹ ti pé lóṣù tó kọjá, àbí?"

Fọ́ọ̀mù náà wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyàwó mi ń ṣí dúrọ́ọ̀, ó ń tì í. Níkẹyìn mo pe ọmọ wa obìnrin ní Leeds. Inú Lọ́ńdọ̀nù la bí i sí. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán. Ó ní, "Daddy, ṣé ara yín yá?" Mo ní ara mi yá. Ó ní ṣé Mummy ńkọ́. Mo ní ara ìyá rẹ yá, ọ̀rọ̀ ajá là ń sọ. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé fóònù ti já.

Ó wá ní, "Ẹ fi í sí sípíkà."

Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé fóònù sórí tábìlì. Ẹ̀yìnlàárò ń sùn lórí ìbora rẹ̀. Ọmọ mi ní, "Enny." Kò sí ohun tó mira. Ó tún un pè, kò mira. Ìyàwó mi pariwo láti ilé ìdáná pé orúkọ ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Mo gbọ́ tí ọmọ náà fa èémí sínú. Ó wá pè é, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ohùn tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn: "Ẹ̀-yìn-là-á-rò."

Ajá náà gbé orí sókè. Ó dìde, ó nà ẹsẹ̀ iwájú, ó nà tẹ̀yìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá láìwo fóònù. Ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró kí ẹnì kan wọlé.